Ìwọ̀ Onírù fún Ẹja Sewin: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ fún Ìpẹja Alẹ́ ní Odò Tywi

Ìdí iṣẹ́ náà

Ẹja sewin, ìyẹn trout òkun ilẹ̀ Wales, kì í sábà gbé ìwọ̀ mì. Ìdí ìwọ̀ ló máa ń bù jẹ. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀ oníyẹ́ (ìwọ̀ tí a di irun àti ìyẹ́ mọ́ kó lè jọ oúnjẹ ẹja) tó wà lórí àtẹ ni irun rẹ̀ gùn kọjá irin rẹ̀. Ẹja á tẹ̀ lé e nínú òkùnkùn, á fi ẹnu kan irun tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ apẹja á gbọ́ ọ lórí okùn bí ìgbà tí wọ́n fi èékánná ta á, ó tán nìyẹn. Irin kò sí níbi tí ẹnu ẹja wà. Bí a bá sì ní ká lo ìwọ̀ onírin gígùn kí irin lè dé ẹ̀yìn, wàhálà mìíràn ń bẹ níbẹ̀: irin gígùn wúwo, ìdí rẹ̀ á máa rì, orí rẹ̀ á máa wo òkè. Ẹnu sewin sì rọ̀. Bí ẹja bá ti fò tó sì ń mi orí, irin gígùn á máa ṣí síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ihò tó gbà wọlé, ihò á fẹ̀, ìwọ̀ á yọ.

Ohun tí a ṣe ni ìwọ̀ alápá méjì. Iwájú rẹ̀ jẹ́ egungun irin kúkúrú, ìyẹn apá títọ́ lára ìwọ̀, tí a di irun mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ okùn rírọ̀, ìwọ̀ kékeré kan ló sì wà ní ìparí okùn náà. Láti orí dé ìdí, 60 mm ni. Àwọn apẹja ilẹ̀ Wales mọ irú rẹ̀ dáadáa, snake ni wọ́n ń pè é. Èyí tí a kọ sílẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀ díẹ̀ ní ti pé ìwọ̀ ìdí rẹ̀ ṣeé yọ, ó ṣeé pààrọ̀, láìtú irun kankan.

Ẹja náà àti odò náà

Sewin ni orúkọ tí wọ́n ń pe trout tó ń lọ sókun ní Wales. Salmo trutta ni, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú trout tí kì í kúrò lódò títí ayé rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lè jẹ́, kí ọ̀kan jókòó sílé, kí èkejì gba òkun lọ. Abo ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ, nítorí oúnjẹ òkun ló ń sọ ara di ńlá, ara ńlá ló sì ń gba ẹyin púpọ̀. Ọmọ ẹja á lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta lódò, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á di fàdákà, á bá omi sọ̀ kalẹ̀ lọ sókun láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún. Àwọn kan á ti padà kí ọdún náà tó parí, wọn kì í sì í tóbi. Àwọn mìíràn á lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lókun kí wọ́n tó wọlé. Àwọn tó pẹ́ yìí ni ẹja ńlá tí gbogbo èèyàn ń wá.

Lókun, ẹja wẹ́wẹ́ àti edé ló ń jẹ. Bó bá ti wọ omi odò, oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀. Ó ń dúró de ìparí ọdún tí yóò gbẹ́ ihò sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, tí yóò yé ẹyin sí i. Nítorí náà kì í ṣe ebi ló ń gbé e dé ìdí ìwọ̀, kò sì ní ìdí kankan láti gbé e mì. Kí ẹni tó ń ṣe ìwọ̀ fi èyí sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń pàṣẹ ibi tí irin gbọ́dọ̀ wà.

Tywi ni odò tó gùn jù nínú àwọn tó ṣẹ̀ ní Wales tí kò sì jáde kúrò níbẹ̀, nǹkan bí 120 km. Láti àwọn òkè Cambrian ló ti ń bọ̀, ó gba inú adágún àtọwọ́dá Llyn Brianne, ó kọjá Llandovery, Llandeilo àti Carmarthen kó tó wọ òkun. Nítòsí Carmarthen, àwọn kan ṣì ń fi coracle pẹja níbẹ̀: ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nìkan tí èèyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn, méjì á na àwọ̀n sáàárín ara wọn, wọ́n á jẹ́ kí omi máa gbé wọn lọ. Àwọn ẹja ńlá ló ń kọ́kọ́ wọ odò, láti ìparí oṣù kẹrin. Oṣù kẹfà àti ìkeje ni ẹja pọ̀ jù. Àwọn kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti oṣù keje lọ.

Omi Tywi máa ń mọ́ gaara bí òjò kò bá rọ̀. Ní ọ̀sán, sewin á lúgọ sí ìsàlẹ̀ ibú, lábẹ́ gbòǹgbò igi, kò sì ní dá ìwọ̀ ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, á jáde lọ sí ìdí ibú, ìyẹn ìparí rẹ̀ níhà ìsàlẹ̀ odò, níbi tí omi kò ti jìn ju orúnkún lọ. Alẹ́ ni iṣẹ́ yìí wà fún, ohun gbogbo tí a ń ṣe sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè tún ṣe láìsí ìmọ́lẹ̀.

Ohun èlò fún ìwọ̀ kan

– Ìwọ̀ olójú títọ́ kan tí egungun rẹ̀ gùn tó 20 mm. Ẹnu rẹ̀ la máa gé sọ nù nígbẹ̀yìn, nítorí náà kò pọn dandan kó jẹ́ olówó iyebíye.
– Okùn Dacron (okùn híhun) alágbára 30 lb, 20 cm.
– Ìwọ̀ ìdí: ẹlẹ́nu kan, nọ́ńbà 8 tàbí 10 (bí nọ́ńbà ṣe ń ga sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i), irin tín-ín-rín, ojú títọ́.
– Òwú dúdú tín-ín-rín tí a fi ń di ìwọ̀.
– Ọ̀já fàdákà pẹlẹbẹ 15 cm, wáyà fàdákà tín-ín-rín 10 cm.
– Irun ìrù àgbọ̀nrín, dúdú àti aláwọ̀ búlúù. Fọ́nrán ìyẹ́ ọ̀kín mẹ́rin. Fọ́nrán ọ̀rá dídán mẹ́rin.
– Ọ̀pá rọ́bà sílíkónì tí ihò rẹ̀ jẹ́ 1 mm, 6 mm ní gígùn.
– Súpá gúlúù, fáníìṣì, fásílìn díẹ̀.

Fáìsì kékeré, àlùmọ́gàjí ẹlẹ́nu ṣóńṣó, púláyà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, irin ìgéwáyà, fáìlì, abẹ́rẹ́, òṣùwọ̀n oníkọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹrù, àti gíláàsì ìdáàbòbò ojú ló kù.

Dídi okùn mọ́ egungun

Ibí yìí ni ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń bàjẹ́ jù, kí ẹ má kánjú rárá. Fi ẹnu ìwọ̀ há fáìsì. Bẹ̀rẹ̀ sí í wé òwú ní 2 mm sí ẹ̀yìn ojú irin, wé e pẹ́kípẹ́kí dé ibi tí irin ti ń tẹ̀. Dacron á máa yọ̀ lórí irin lásán, òwú yìí ni yóò fi dì í mú.

Ṣẹ́ Dacron sí méjì. Ibi tó ṣẹ́ ni yóò di ojóbó lẹ́yìn. Wọn ojóbó náà kó jẹ́ 35 mm láti ibi tí egungun parí. Tó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní lè kọjá lórí ìwọ̀ ìdí nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá gùn jù, ìwọ̀ ìdí á máa padà wá kọ́ okùn iwájú (okùn tín-ín-rín tó so ìwọ̀ mọ́ okùn ọ̀pá) nígbà tí a bá ń jù ú. Nínú 35 mm yìí, nǹkan bí 10 mm ni kókó yóò jẹ, 25 mm á hàn. Egungun 20 mm, okùn 25 mm, ìwọ̀ ìdí nǹkan bí 15 mm: 60 mm wa pé.

Gbé apá okùn kan sí ọ̀tún egungun, èkejì sí òsì. Má tò wọ́n léra lórí irin. Bí wọ́n bá léra, ìwọ̀ á máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú omi. Wé òwú mọ́ wọn láti ẹ̀yìn lọ síwájú, kí o dúró ní 2 mm kó tó kan ojú irin. Ìdí Dacron méjèèjì á ṣì yọ síwájú. Ṣẹ́ wọn padà sẹ́yìn lórí egungun, wé òwú lé wọn padà dé ẹ̀yìn. Ìṣẹ́padà yìí ni àgádágodo rẹ̀, torí bí ẹja bá fa okùn, ńṣe ni yóò máa fà á mọ́ ara rẹ̀. Ìwọ̀ tí wọn kò ṣẹ́ okùn rẹ̀ padà, gúlúù nìkan ló gbé e ró, gúlúù kì í sì í pẹ́ di gígan nínú omi tútù. Gé ìdí okùn méjèèjì kí ọ̀kan kúrú ju èkejì lọ ní 3 mm kí ara ìwọ̀ má bàa wú lójijì. Àlùmọ́gàjí ni kí o fi gé e, má fi láítà jó o, iná á sọ Dacron tó wà nítòsí di ẹlẹgẹ́.

Kí gúlúù tó kàn án, fi fásílìn kékeré pa ojóbó náà, 5 mm àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́yìn egungun. Súpá gúlúù máa ń rin inú okùn bí omi ṣe ń rin inú aṣọ. Bí ó bá rìn jáde dé ojóbó, okùn á gan níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti ṣẹ́ nígbà tí ẹja bá yí ara. Fásílìn ló ń dá a dúró. Fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gbé ẹ̀kán gúlúù kan ṣoṣo sí àárín egungun, kì í ṣe sí ìdí. Jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí kan, kí o wá fi ọṣẹ nu fásílìn kúrò.

Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Fi ìṣó tí a kàn mọ́ pákó kọ́ ojú irin, fi ìkọ́ òṣùwọ̀n kọ́ ojóbó, fà á dé 6 kg, kí o dá a dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Okùn iwájú tí a ń lò jẹ́ 12 lb, ìyẹn nǹkan bí 5.4 kg. Ìwọ̀ tó bá gba 6 kg, okùn iwájú ni yóò kọ́kọ́ já, kì í ṣe ìwọ̀. Bí ojóbó bá fi 1 mm péré gùn sí i lásìkò ìdánwò, tú u. Kò sí àtúnṣe mìíràn fún un.

Ara àti irun

Di ìdí ọ̀já fàdákà àti wáyà mọ́ ẹ̀yìn egungun. Yí ọ̀já náà lọ síwájú láìjẹ́ kí àlàfo wà, dúró ní 4 mm sẹ́yìn ojú irin. Yí wáyà lé e lórí ní ìdàkejì, ìyí márùn-ún, kí eyín ẹja má bàa tú ọ̀já náà.

Irun tó pọ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Nǹkan bí ọgbọ̀n fọ́nrán dúdú ti tó. Gé e nídìí, fi eyín ìyarun kékeré ya gbogbo òwú wẹ́wẹ́ tó wà nídìí irun kúrò, torí òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ pamọ́ tí ìwọ̀ fi ń kọ̀ láti rì sábẹ́ omi. Dì í mọ́ orí egungun, kí ṣóńṣó irun dé ibi tí ìwọ̀ ìdí ti tẹ̀, kó má kọjá ibẹ̀ ju 5 mm lọ. Bó bá kọjá, a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ẹja á tún máa bu irun jẹ. Gbé fọ́nrán búlúù mẹ́wàá lé e, fọ́nrán dídán mẹ́rin, méjì lápá kọ̀ọ̀kan, kí ìyẹ́ ọ̀kín mẹ́rin wá bo gbogbo rẹ̀ lókè. Wò ó láti iwájú kí o tó so òwú: bí irun bá pọ̀ lápá kan ju èkejì lọ, ìwọ̀ á máa yí bírí nínú omi, okùn iwájú á sì lọ́ pọ̀. Ìgbà yìí ló rọrùn jù láti tún un ṣe.

Fi òwú ṣe orí kékeré, ta á ní kókó, kun fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ̀kejì tó gbẹ, gba abẹ́rẹ́ kọjá nínú ojú irin. Fáníìṣì tó bá dí ojú irin lójú ọ̀sán kò ju ọ̀ràn ìṣẹ́jú kan lọ. Bí a bá bá a níbẹ̀ nínú òkùnkùn, létí odò, ó lè gba ìdajì wákàtí tó dára jù lálẹ́ náà.

Gígé ẹnu irin iwájú

Wọ gíláàsì ìdáàbòbò. Yọ ìwọ̀ kúrò ní fáìsì, fi aṣọ tó nípọn wé ẹnu rẹ̀, kí o sì gé irin náà mọ́ ìdí ibi tí òwú parí sí. Aṣọ náà ni yóò gba ẹnu tó fò yọ. Irin tí a gé máa ń mú bí abẹ, Dacron sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an jáde. Fi fáìlì yí i po títí ìka kò fi ní gbọ́ igun kankan mọ́, kí o kán fáníìṣì kan lé e lórí. Bí ìwọ̀ bá ń já ní ibì kan náà léraléra tí ìdánwò 6 kg sì ti gbè é, ibi gígé yìí ni kí o yẹ̀ wò.

Ìwọ̀ ìdí wá kàn. Kọ́kọ́ fi púláyà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tẹ ẹ̀gún rẹ̀, ìyẹn ìkọ́ kékeré tó wà lẹ́bàá ṣóńṣó, wọlé. Kí ẹnu púláyà tẹ̀ lé gígùn ṣóńṣó ìwọ̀, má gbé e dábùú. Tó bá dábùú, ṣóńṣó á ṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀gún. Gún un mọ́ aṣọ òwú kí o fà á yọ. Bó bá kọ́ fọ́nrán kan, ẹ̀gún ṣì kù.

Ti rọ́bà sílíkónì sórí ojóbó. Gba ojóbó wọ ojú ìwọ̀, gbé e kọjá lórí ṣóńṣó àti gbogbo ìwọ̀, fà á padà kó fún. Wá ti rọ́bà náà sọ̀ kalẹ̀ kó bo kókó àti ojú ìwọ̀. Rọ́bà 6 mm yìí ló ń mú ìwọ̀ tọ́ ní ìlà kan pẹ̀lú okùn. Láìsí i, ìwọ̀ ìdí á máa wálẹ̀, á sì máa ká mọ́ irun. Láti pààrọ̀ rẹ̀, ti rọ́bà sókè, tú ojóbó, fi tuntun sí i. Ọwọ́ tó tutù lè ṣe é nínú òkùnkùn, òun la sì fi yàn án ju kókó tí a máa so tí a tún máa gé lọ.

Ìwọ̀ ojú omi

Èyí ni ìwọ̀ kejì, tó ń léfòó; kò pọ̀ níṣẹ́. Gé fóòmù dúdú tí kì í mu omi, 10 mm ní fífẹ̀, 25 mm ní gígùn. Fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu àárín rẹ̀, ti ọ̀pá ike 3 mm gba inú rẹ̀, fi gúlúù dì í. Gé iwájú fóòmù ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí òkè rẹ̀ yọ síwájú ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, kó lè máa gun omi dípò kó máa wọ inú rẹ̀. Okùn iwájú á gba inú ọ̀pá ike kọjá, á so mọ́ ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan nọ́ńbà 6 lẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa ìlà sórí omi tó dákẹ́. Àwọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan níhìn-ín, ìlà yẹn ni ẹja ń rí láti ìsàlẹ̀.

Okùn, ọ̀pá àti ohun tí ìka ń kà

Ọ̀pá 10 ft tó ń gba okùn nọ́ńbà 7 (nọ́ńbà okùn ń sọ bó ṣe wúwo tó) ló bá Tywi mu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fi téèpù àwọn oníná wé gbogbo oríkèé ọ̀pá. Ọ̀pá tí a ń jù fún wákàtí mẹ́rin máa ń tú díẹ̀díẹ̀, lálẹ́ kò sì sẹ́ni tó ń rí i títí apá òkè fi máa fò wọ odò.

Okùn tó ń léfòó ni a kọ́kọ́ ń lò. Wọn 11 m láti orí rẹ̀, kí o fi òwú dúdú wé ibẹ̀ ní 8 mm, gbá a mọ́ra, fi gúlúù rírọ̀ bò ó. Nígbà tí ìka bá kan òwú yẹn lábẹ́ ọwọ́, apẹja mọ̀ pé ibi tí òun fẹ́ jù ú dé ni okùn wà, kò sí pé okùn ṣèèṣì lọ kọ́ igi ní òdìkejì. A kò mọ àtúnṣe mìíràn tó kéré tó báyìí tó sì wúlò tó báyìí lálẹ́.

Okùn iwájú kò gbọdọ̀ gùn jù: 9 ft ti tó. A so ó báyìí: 4 ft ti 20 lb, 2 ft ti 15 lb, 3 ft ti 12 lb. Omi òkùnkùn kì í jẹ́ kí ẹja yẹ okùn wò, nítorí náà kò sídìí láti lo tín-ín-rín. Ìwọ̀ kan ṣoṣo ni ká so. Méjì máa ń lọ́ mọ́ra, títú u sì ń fẹ́ iná. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fa okùn iwájú gba àárín ètè: ètè máa ń gbọ́ kókó tí afẹ́fẹ́ ta ju ìka lọ. Kókó kan bẹ́ẹ̀ lè dín agbára okùn kù dé ìdajì. Má gbìyànjú láti tú u, gé e, kí o so tuntun.

Ìdánwò nínú omi

Ju ìwọ̀ sínú bàsíà omi tó jìn. Kó rin, kó máa wálẹ̀ bí ilẹ̀ tó tẹ́jú, orí àti ìdí pọ̀. Bí ìdí bá ṣíwájú, irin ìdí wúwo jù: kúrò ní nọ́ńbà 8, lọ sí 10. Bí orí bá ṣíwájú, kò burú, omi tó ń ṣàn á gbé e tọ́. Lẹ́yìn náà dì í mú létí odò níbi tí omi ti ń ṣàn, kí o wò ó láti òkè. Irun gbọ́dọ̀ máa mí, kí ìwọ̀ má yí. Nínú àwọn tí a ṣe, èyí tó ń yí ni èyí tí ìyẹ́ ọ̀kín rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ kan. A kò sọ wọ́n nù, a tú orí wọn, a sì tún irun wọn gbé.

Lílò ó lóru

Láàárín oṣù kẹfà, oòrùn ń wọ̀ ní Carmarthen ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́. Má wọ odò nígbà yẹn. Dúró títí àwọ̀ koríko òdìkejì kò fi ní hàn mọ́, àdán á ti jáde, yóò sún mọ́ aago mọ́kànlá. Ẹni tó bá kánjú wọlé á lé gbogbo ẹja padà sínú ibú, fún ara rẹ̀ àti fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tọ́ọ̀ṣì kò gbọ́dọ̀ kan ojú omi láé. Bí a bá fẹ́ so ìwọ̀, ká kọ ẹ̀yìn sódò, ká lo iná pupa.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí ibú. Ju okùn dábùú odò, kó dà díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò, jẹ́ kí omi gbé ìwọ̀ rọra yí wá sí etí tìrẹ, kí ọwọ́ òsì máa ká okùn wọlé díẹ̀díẹ̀. Gbé ìgbésẹ̀ kan, jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí ibú ni kí o fara balẹ̀ sí jù, níbi tí omi ti dán tó sì ń fà lọ sórí òkúta. Bí o bá gbọ́ ẹja, má ja ọ̀pá sókè. Mú okùn dúró, kí o gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́. Ìwọ̀ kékeré ìdí ti wọlé tán, ìjá líle ló ń ya ẹnu rẹ̀.

Láti bí ààjìn òru, ohun gbogbo sábà máa ń dákẹ́. Àkókò yẹn ni ká pààrọ̀ okùn: èyí tó ń rì, okùn iwájú 4 ft péré, kí ìwọ̀ rìn lọ́wọ́ ilẹ̀ ibú. Tàbí ká so ìwọ̀ ojú omi, bí ojú ibú bá tẹ́jú pẹrẹsẹ. Alẹ́ tó móoru, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ló dára jù. Òṣùpá àrànmọ́jú kò dára, ní pàtàkì bó bá ń tàn láti ẹ̀yìn apẹja. Bí kùrukùru tútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú lójú omi, kí a máa palẹ̀ mọ́.

Ohun tó bàjẹ́ àti ohun tí a yí padà

Àwọn tí ojóbó wọn fi hàn ju 30 mm lọ ń ká mọ́ okùn iwájú. A kúrò níbẹ̀, a dúró sí 25 mm. Rọ́bà sílíkónì 3 mm kúrú jù, ó ń yọ lẹ́yìn ẹja kan; 6 mm kò yọ. Dacron máa ń ṣe bí irun níbi tí eyín ẹja bá ti ha á. Bí fọ́nrán mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti yọ sókè, ìwọ̀ náà ti parí iṣẹ́, kí a gé egungun rẹ̀ kúrò kí a má bàa tún mú un lọ sódò. Ìwọ̀ ẹlẹ́numẹ́ta fúyẹ́ tán, ó ń di ẹja mú, ṣùgbọ́n a fi í sílẹ̀: ó ń pẹ́ kó tó yọ lẹ́nu ẹja, ó sì ń kọ́ àwọ̀n, apẹja á wá máa tú àwọ̀n nígbà tí ẹja ń kú lọ.

Òfin àti ìtọ́jú ẹja

Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja salmon àti trout òkun kó tó ju ìwọ̀ ní England tàbí Wales, kó sì tún gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni etí odò. Àwọn ará wa tó wà ní Cardiff, Swansea tàbí Bristol, tí ọwọ́ wọn ti mọ odò nílé, kí wọ́n fi èyí sọ́kàn: níbẹ̀, odò ní olówó. Ìlànà Natural Resources Wales (àjọ ìjọba tó ń bójú tó odò àti àyíká ní Wales) tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 sọ pé kí ìwọ̀ má ní ẹ̀gún, pé gbogbo salmon gbọ́dọ̀ padà sómi, pé sewin tó bá gùn ju 60 cm náà gbọ́dọ̀ padà. Ìlànà yìí tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ sewin kì í kú lẹ́yìn tó bá yé ẹyin bí salmon ṣe sábà ń kú. Ó ń padà sókun, ó ń tún wá, ẹja ńlá sì lè ti yé ẹyin nígbà mélòó kan, ẹyin rẹ̀ sì pọ̀ fíìfíì ju ti kékeré lọ.

Àwọ̀n tí a fi ń gbé ẹja kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ta ní kókó, torí kókó ń bó ìpẹ́ ara rẹ̀. Fi ẹja sílẹ̀ nínú omi nínú àwọ̀n, tẹ̀ lé okùn dé ìwọ̀ ìdí, yí i padà síbi tó gbà wọlé. Nítorí pé kò ní ẹ̀gún, á yọ láìfipá. Dì í mú níbi tí ìrù rẹ̀ ti tín-ín-rín, kó kọ orí sí òkè odò, títí yóò fi fúnra rẹ̀ lọ. Èyí tó ní iná òkun (kòkòrò kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja lókun) lára ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ odò ni, ìpẹ́ rẹ̀ ṣì ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òun ni kí ọwọ́ fúyẹ́ jù lára rẹ̀.

Ìtọ́jú ìwọ̀, àti èyí tó kù

Má kó ìwọ̀ tútù padà sínú àpótí tí a ń dé. Tẹ́ ẹ sórí fóòmù títí di ọjọ́ kejì. Ìpẹtà máa ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rọ́bà níbi tí ojú kò ti rí i. Lẹ́yìn alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti rọ́bà sókè, wo ojú ìwọ̀ ìdí, fi ṣóńṣó rẹ̀ ha èékánná. Bó bá yọ̀ láìha, pọ́n ọn tàbí kí o pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó kù ní ṣíṣe ni èyí tó máa rì fún ìdajì òru kejì: egungun kan náà, ṣùgbọ́n wáyà kọ́pà ìyí 12 lábẹ́ ọ̀já fàdákà, apá iwájú egungun nìkan, kí orí máa ṣíwájú ìdí lọ sísàlẹ̀. Irun rẹ̀ á dín kù sí ogún fọ́nrán, ojóbó àti ìdánwò 6 kg kò yí padà.